Ta Ni Yóò Dáhùn "Ẹ Kú Ilé", Bàbá Mi?

Yéè, Bàbá mi! Ó dìgbà o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí ilé kí ẹ tó wọlé! Ọkọ̀ yín wà ní síso létí ọ̀sà, àga yín ṣófo, kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà lọ́wọ́ èmi ọmọ yín tó jẹ́ ojo.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ ó rí i pé ìlà kan gba èjìká Bàbá kọjá nínú fọ́tò iwájú ìwé yìí. Ẹ má bá ẹni tó tẹ̀wé wí. Èmi Ìbídùn, àbígbẹ̀yìn wọn, ni mo jẹ́ kí fọ́tò náà já bọ́, tí dígí rẹ̀ fọ́ tó sì ya á. N ó sọ bó ṣe jẹ́.

Ní Èkìtì ni wọ́n bí yín, Bàbá, lórí òkè, níbi tí odò kì í ti í kọjá orúnkún. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé yín wá sí Àgbádárìgì, ìfẹ́ ohun àtijọ́ ló sì gbé yín dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé erékùṣù, níbi tí wọ́n kó irin tí wọ́n fi de àwọn ẹrú jọ sí, tí ẹ sì di olùtọ́jú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Bàbá Sẹ̀wánù, ọlọ́kọ̀ yín, ọmọ Ègùn láti Àjídò, ń fi ọkọ̀ gbé yín kọjá ọ̀sà. Lójoojúmọ́ náà ni ẹ̀yin ń di etí ọkọ̀ mú, tí ẹ ń di ojú. "Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń lọ." Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn.

Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ ó gbá yanrìn ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ẹ ó fi àkísà àti òróró nu àwọn irin kí wọ́n má baà dógùn-ún. Ẹ kì í jẹ́ kí àlejò ti ọwọ́ bọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó fi ya fọ́tò. Ẹ ó ní, "Gbé e sílẹ̀, o ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn."

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn rárá, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó pè sókè pé, "Ẹ kú ilé o!" Mo bi yín nígbà kan pé ta ni ẹ ń kí nínú ilé tí a tì pa. Ẹ ní, "Wọ́n kó àwọn tó wọ irin wọ̀nyí lọ, kò sẹ́ni tó kí wọn pé ó dàbọ̀. Àwa tí a ń wọlé wọn, ó yẹ ká kí wọn."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èsì. Ẹ kí, ohùn kan sì dáhùn bí ẹni pé láti inú ilé: "Kúàbọ̀!" Mo sáré wọnú omi dé àyà. Láti ọjọ́ náà, ó lé lógún ọdún, ẹsẹ̀ mi kò tẹ erékùṣù mọ́. Ẹ̀yin kàn ń pè mí ní "ọmọ mi tó ń sá fún káàbọ̀". N kò bèèrè ẹni tó dáhùn, nítorí ohun tí ẹ lè sọ ń bà mí lẹ́rù ju ohùn náà lọ.

Ikú dé, a ń wá fọ́tò. Èyí tí ẹ ti rẹ́rìn-ín, ara ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́, kí n lọ mú un. Ọ̀sán gangan ni. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo yọ́ wọlé bí olè, mo gba ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọjá láìwò wọ́n, mo yọ fọ́tò lára ìṣó. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí, ohùn náà tún dé: "Kúàbọ̀!"

Fọ́tò bọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ yín ni mo ké, Bàbá, n kò ké pe Ọlọ́run. Kí Ó foríjì mí.

Bàbá Sẹ̀wánù, tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ nídìí ọkọ̀, ló jáde láti abẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ pọ́n. Káàbọ̀ àwọn Ègùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́. "Mo ti ń dúró, o ò kí wọn," ó ní. "Bàbá ẹ ló bẹ̀ mí látijọ́ pé kí n máa bá wọn dáhùn. Ó ní bí òun bá kí wọn tí gbogbo ilé dákẹ́, ẹ̀rù máa ń ba òun."

Ṣé ẹ̀yin náà, Bàbá? Mo jáde jókòó sórí yanrìn ẹnu ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ojú Bàbá Sẹ̀wánù kò ríran dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú yìí, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Àjídò. Àwọn ọmọ iléèwé sì ń bọ̀ láti Morogbo ní Ọjọ́ Ajé, àwọn àgbà erékùṣù sì ti sọ pé bí n kò bá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, àwọn yóò tì í pa títí láé. N ó ṣí i. N ó kí wọn bí ẹ ṣe ń kí wọn, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, mo sì ń lọ. Bí ẹ bá ti wà láàárín àwọn onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá di dandan kí ẹnìkan dáhùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin. Ohùn yín nìkan ni n kò ní sá fún.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ sùn re o.