Jígí Dúdú Orí Àpáta

Kì í ṣe gbogbo alẹ́ ni ojú ọkọ mi ń ṣe bàìbàì. Alẹ́ Sátidé nìkan ni. Ó pẹ́ kí n tó fiyè sí i, torí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ. Bàbá rẹ̀ fọ́jú kí wọ́n tó kú, jígí dúdú ni wọ́n sì ń wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ó ti kan òun.

Ìlobù là ń gbé nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Ní Sátidé, a máa ń lọ sí oko wa lẹ́yìn Ìfọ́n, a ó sá láfún sórí àpáta, a ó máa yí i títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí a bá wá ń fi mọ́tò wa bọ̀ lálẹ́, kòtò tó mọ̀ bí ẹni mowó ni yóò kó wa sí.

Ó lọ sí ọsibítù ojú lọ́jọ́rú kan. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dá ṣáká. Kò gbà wọ́n gbọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

“Lọ kọ́ mọ́tò. Mi ò fẹ́ pa ọ́.”

Mo sunkún, inú sì tún bí mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ò jẹ́ ká sá nǹkan kan. Nílé la wà títí ilẹ̀ fi ṣú, òun náà ló sì wà wá lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, torí mi ò tíì mọ mọ́tò wà. Lójú ọ̀nà, ó rọra tẹ bíréèkì fún ewúrẹ́ dúdú kan tí èmi ò tíì rí.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọ́jú,” mo ní, “báwo lẹ ṣe rí ewúrẹ́?”

Ibẹ̀ ni mo ti rò ó. Ọjọ́ tó lọ sí ọsibítù, abẹ́ òrùlé ọ́fíìsì ló ti wá. Ní Sátidé, oòrùn ń ta látòkè, láfún ń dá a padà sójú rẹ̀ látìsàlẹ̀. Nígbà tí mo bi nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ojú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú tó bá fi odidi ọjọ́ wo irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó máa ń pẹ́ kó tó lè ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ó ní kí ọkọ mi máa dé akẹtẹ̀, kó sì máa wọ jígí dúdú.

Ọkọ mi gba akẹtẹ̀. Ó kọ jígí jálẹ̀. Mo ní kò burú, ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn wálé láti oko. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Ó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá àpáta ń kí i ní ọ̀gá sójà, ó ń yí láfún rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó jókòó sínú mọ́tò, ó bọ́ jígí náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

“Bàbá mi ò bọ́ tiwọn rí,” ló wí, ó sì tan iná mọ́tò.