Ìbéèrè Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Láti ọjọ́ tí Hatsue ti wọlé ọkọ, kò sùn níta rí. Kì í ṣe pé wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ o. Ilé àlejò ni ilé ọkọ rẹ̀, ní àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Yamagata, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, ilé àlejò kì í sì í tilẹ̀kùn. Bí àwọn ti àná bá ṣe ń lọ ni àwọn ti òní ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ta ni yóò gbé oúnjẹ fún wọn? Ta ni yóò tẹ́ ibùsùn wọn? Hatsue náà ni. Ọmọge ni nígbà tó débẹ̀, irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Ní báyìí ọkọ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti fìdí kalẹ̀ sí Tokyo, ọdún tuntun nìkan ló ń gbé e wálé, irun orí Hatsue sì ti funfun. Àwo oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kikuno, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ni ilé. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì di rárá. Láti orí tìmùtìmù tó ń jókòó lé nítòsí ẹnu ọ̀nà, bí àwo bá kan àwo ní ilé ìdáná, ó ti gbọ́. Kì í pariwo, kì í bú ni. Ká ní ó ń bú ni ni, Hatsue ì bá ti rí ohun tí yóò fi bínú lọ. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, báwo lèèyàn ṣe ń sá fún un?

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún tí mò ń sọ yìí, Fumiyo, àbúrò Hatsue, pè é lórí fóònù láti Sakata, ìlú etí òkun tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Fumiyo ń ta oúnjẹ inú páálí fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ jàre," ni Fumiyo wí. "Yàrá òkè ṣófo. Orí ibùsùn lẹ ó ti máa gbọ́ ìró òkun. Àbí títí ayé lẹ fẹ́ fi sin ìyá arúgbó yẹn ni?"

"Fumiyo, ṣọ́ ẹnu ẹ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣọ́ tiyín látọjọ́ yìí, kí lẹ rí níbẹ̀? Ẹ gbọ́, obìnrin kan láàdúgbò ti ń wá iṣẹ́ yìí. Mo ní kó dúró di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tí mi ò bá gbóhùn yín, màá gbà á o. Ẹ má ní mi ò sọ."

Ẹnì kan lè ní kí Hatsue kàn di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni náà kò mọ àfonífojì yẹn. Ìyàwó tó bá jáde nílé ọkọ láìgba ìyọ̀ǹda, ojú wo ni yóò fi padà wá sun tùràrí níbojì ọkọ rẹ̀? Kikuno ni yóò la ẹnu pé kó lọ, kó sì sọ ọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Láti ọjọ́ tí fóònù yẹn ti dún ni Hatsue ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tó ń tu itọ́ funfun jáde.

Ọjọ́ Ẹtì ni àlejò tó da gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rú dé. Annelies lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni láti ilẹ̀ Holland, ó sì ga débi pé ó forí sọ àtẹ́rígbà kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó ti ń kọ́ èdè àwọn Hatsue láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ ilẹ̀ wọn. Ayọ̀ ń ṣe é bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun.

"Ọkọ̀ ojú irin yẹn pẹ́ díẹ̀ báyìí," ó wí, "làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ń bẹ̀ wá! Nílé wa, àwa la máa ń bẹ ọkọ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó wá."

Nígbà tó wẹ̀ tán tó jáde nínú aṣọ ilé àlejò, ọ̀tún ló fi bo òsì níwájú àyà, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún òkú. Ó dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran.

"Yéè!" ni Kikuno ké. "Hatsue, sáré tún aṣọ yẹn wọ̀ fún un, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún rẹ̀!"

Ní ti oúnjẹ, kò sí ohun tí Annelies kọ̀. Ó jẹ ẹja sísun, ó jẹ ẹ̀fọ́ oníyọ̀ kíkan, ó jẹ ẹ̀wà jíjẹrà tó ń fà yọ́ọ́yọ́ọ́ tí àwọn ará Tokyo mìíràn gan-an ń yínmú sí. Bí Hatsue bá bi í pé ṣé kí òun fi ìrẹsì kún un, kò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí yóò fi na abọ́ jáde. "Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ bù ú kó pọ̀!" Kikuno á fi ọwọ́ aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Annelies ṣí agolo bisikíìtì olóyin tó gbé ti ilé rẹ̀ wá, ó nà án sí Hatsue.

"Ẹ mú, ẹ tọ́ ọ wò."

"Rárá o, ẹ má ṣèyọnu."

"Ó dáa," ni Annelies wí, ó sì dé agolo rẹ̀ pa.

Hatsue nífẹ̀ẹ́ ohun dídùn ju bí èèrà ṣe fẹ́ràn ṣúgà lọ. Ó wo agolo náà títí tó fi wọ inú báàgì. Ní ọjọ́ kejì ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún Kikuno láti fi pa á lẹ́rìn-ín, ni màmá bá pe àlejò jókòó.

"Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Tí a bá fi nǹkan lọ èèyàn níbí, á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á tún kọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á ti rọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló máa gbà. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́, ọ̀kánjúwà ni." Ó rẹ́rìn-ín wo abọ́ ìrẹsì tó wà níwájú Annelies. "Yàtọ̀ sí àlejò wa, dájúdájú."

"Tẹ́nì kan bá wá fi lọni lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́?"

"Ìyẹn kò ní in lọ́kàn láti fún ni rárá. Ó kàn fi bọ́ lẹ́nu ayé ni."

Ojú ti Annelies títí. Ó sáré lọ gbé agolo wá, ó fi lọ Hatsue ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìdúró, Hatsue sì jẹ bisikíìtì náà láìjẹ́ kí èérún kan bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni Hatsue mú un lọ sí etí odò láti wo àwọn igi tí ewé wọn ń pọ́n. Annelies ń ya fọ́tò, ó ń béèrè ọ̀rọ̀: ibo ni wọ́n ti bí i, ta ló kù fún un níbẹ̀. Hatsue sọ ti Sakata, ó sọ ti Fumiyo, ó sọ ti yàrá òkè. Bí ẹni tó ń sọ ìtàn ẹlòmíràn ló ṣe ń sọ ọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ?" ni Annelies bi í.

"Háà, rárá. Iṣẹ́ pọ̀ nílé."

Annelies ti fẹ́ gbé kámẹ́rà sójú, ló bá dáwọ́ dúró. Ó ti rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

"Màmá ti dàgbà. Báwo ni mo ṣe máa..."

"Hatsue. Ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

Odò ń pariwo nísàlẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé yẹn, kò sí ẹni tó bi í ní ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta rí, àfi ti bisikíìtì àárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mo fẹ́ lọ," ni Hatsue wí. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó bú èèyàn.

Àṣìṣe tó ṣe níbẹ̀ ni pé kò sọ fún àlejò náà pé kó pa á mọ́ra. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ní àfonífojì yẹn, ta ló ń sọ irú rẹ̀ fún àgbàlagbà? Gbogbo wọn ló mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti inú ikùn.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Annelies jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń di okùn bàtà rẹ̀, Hatsue àti Kikuno sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti sìn ín jáde. Ó gbójú sókè tayọ̀tayọ̀.

"Màmá, Hatsue fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Sakata. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ ṣe kọ́ mi, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni."

Orí Hatsue wú. Ó ń wo ilẹ̀ níwájú orúnkún rẹ̀, ká ní ilẹ̀ lanu gbé e mì ni, ì bá dúpẹ́.

"Ẹ ṣeun, àlejò wa," ni Kikuno wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ mà mọ ẹ̀kọ́ kọ́ o."

Wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì. Wọn kì í wọlé padà níbẹ̀ bí àlejò kò bá tíì yà ní kọ́nà, nítorí náà àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń tẹríba, wọ́n ń juwọ́. Annelies náà kò fẹ́ ṣàìmọ̀wàáhù, bó bá rìn díẹ̀ á yíjú padà tẹríba, àwọn náà á tún tẹríba. Ní ọjọ́ mìíràn Hatsue ì bá ti máa bẹ Ọlọ́run kí èèyàn gíga yìí jẹ́ kí òun lọ fọ àwo. Lọ́jọ́ náà ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀nà náà gùn sí i, nítorí ó mọ ohun tó dúró dè é nínú ilé. Annelies yà ní kọ́nà, ó di àwátì.

Kikuno wọlé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì. Kò bu tíì fún ìyàwó yìí rí. Hatsue kúnlẹ̀ sí òdìkejì tábìlì kékeré náà.

"Hatsue."

"Ìyá."

"Ṣé o fẹ́ lọ bá àbúrò rẹ? Tó o bá fẹ́, máa lọ. Má torí tèmi dúró."

"Rárá o, Ìyá. Báwo ni mo ṣe máa fi yín sílẹ̀?"

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá tó bí i náà nìyẹn. Ó tẹrí ba, ó ń dúró. Nígbà tí màmá bá bi í lẹ́ẹ̀kejì, yóò mú ohùn rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé òun máa sunkún, òun á sì wí i.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Kikuno wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu.

Hatsue ń dúró. Ìkòkò omi ń hó lórí iná. Ó ṣì ń dúró síbẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, irú ìbínú tí kò bí rí nínú ilé yẹn, ó sì gbójú sókè láti wo obìnrin tó fi òun ṣe ẹlẹ́wọ̀n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré. Ló bá rí i pé ọwọ́ Kikuno ń gbọ̀n. Tíì ń dà sí i lórí ìka, kò gbé ife náà sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba màmá. Ó mọ ìdáhùn tó wà nídìí ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sì lágbára láti rìn débẹ̀.

Àánú ṣe Hatsue, ìbínú náà kò sì lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹní, ó sì sọ ohun tí ìyàwó kan kì í sọ lábẹ́ òrùlé yẹn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún un bi mí."

Kikuno yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

"Àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, ṣé wọ́n ń jẹ ẹja odò?"

Hatsue nu tíì tó dà sí màmá lọ́wọ́ kúrò.

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, Ìyá."