Ìyá Ìlà àti Nọ́ńbà Ara Ògiri

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ṣìṣe rí láyé rẹ̀. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, tí àwọn obìnrin tó ń fi tẹníìsì jẹun bá ti ìlú òkèèrè wá díje nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ẹ̀gbọ́n mi a pa ẹfun ìkọ̀wé tì, a di olùṣọ́ ìlà. Èmi náà ń bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ náà kò ju pé kéèyàn dúró lẹ́yìn ìlà funfun, kó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kó sì ranjú mọ́ ìlà. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ síta, wàá na ọwọ́, wàá pariwo pé, "Ó jáde!"

Ìyá Ìlà là ń pè é. Tó bá pariwo, ẹni tó ń tòògbé lórí ìjókòó òkè pátápátá a ta gìrì. Ó sì ń gbé iṣẹ́ náà lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà síbi tí kò yẹ, "Ó jáde!" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, etí aṣọ kò gún, "Ó jáde!" Ọkọ rẹ̀ kì í jiyàn mọ́. Ó ní ìyà wo ló tó kéèyàn máa bá rẹfirí sùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìyá Ìlà ò ríran mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó rí ẹ̀wù òtútù kan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìmúra wa, ó dúró kó kí òun. Kò kí i. Ó bá kọjú sí mi. "Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bá ẹ̀wù bẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì dárúkọ awò ojú fún un, onítọ̀hún ti rí ìjà.

Ẹ ó ní báwo ló ṣe ń yege nígbà tí dókítà bá ń yẹ ojú wa wò. Ìwé kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti ọdún mẹ́wàá, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, márùn-ún kéékèèké ló sì wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Ìyá Ìlà ti há a sórí, ó sì kọ́ gbogbo wa bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, a ń kọ ọ́ lórin: "Méje, mẹ́rin, mẹ́jọ, méjì, mẹ́sàn-án."

Ojú tèmi dá ṣáṣá. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé mẹ́ta ni nọ́ńbà tó wà láàárín, kì í ṣe mẹ́jọ. Mo yọ́ ọ sọ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ìṣirò?" Láti ọjọ́ náà, mẹ́jọ ni; dókítà ìgbà náà kì í sì í wo ògiri.

Lọ́dún yìí, dókítà tuntun ló wá, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ló yẹ ojú wa wò. Ìyá Ìlà ti sọ pé àṣekágbá yìí lòun máa fi fẹ̀yìn tì. Ó ti pe ọkọ, ọmọ, àna àti gbogbo olùkọ́ iléèwé rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo òun, wọ́n sì ti jókòó sínú gbọ̀ngàn.

Télọ̀ kan ló kọ́kọ́ dìde láàárín wa. "Méje, mẹ́rin, mẹ́jọ..." Dókítà wo ògiri, ó wo télọ̀. Ẹnì kejì ní mẹ́jọ. Ẹnì kẹta ní mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa kan ẹnì karùn-ún, dókítà ti gbé bírò sílẹ̀. Ó kàn mí. Mẹ́ta ń wò mí, mo ń wo mẹ́ta. Ẹnu mi ní mẹ́jọ.

Ìyá Ìlà ló kẹ́yìn. Dókítà ò tíì ní kó bo ojú kan tó fi kà á tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà tó wà láàárín ńkọ́?"

"Mẹ́jọ."

"Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀."

Ó sún. "Mẹ́jọ." Ó tún sún. "Mo ní mẹ́jọ!" Ó ń sún lọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan ògiri. Ó fi ìka kan nọ́ńbà náà. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ó wá yíjú padà.

"Ta ló yí i padà?"

A ò lè rẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Kò sẹ́ni tó yí i, mà. Bó ṣe wà nìyẹn." Ó wá kọjú sí àwa yòókù. "Àwọn wo ló rí i pé mẹ́ta ni?"

Ọwọ́ mẹ́fà rọra gòkè. Tèmi ló kẹ́yìn.

"Ẹ rí mẹ́ta, ẹ wá ní mẹ́jọ?"

"Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, mà," télọ̀ ló dáhùn.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹni tí ò ríran, mo lè fún un ní awò. Kí ni kí n wá fún ẹ̀yin?"

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje yọ gbogbo wa pátá. Ẹ̀rọ ni wọ́n ní yóò máa pe ìlà. Ìwé tí kálukú máa buwọ́ lù pé òun gbà láti kúrò wà lórí tábìlì, Ìyá Ìlà sì ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún, torí òun ni àgbà. Ó gba bírò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí ò pariwo rí. "Níbo ni wọ́n ní kí n fọwọ́ sí?"

Mo fi ìka hàn án. Ó fọwọ́ sí i tìlù tìfọn, ó fà á, ó yí i po, ó tún fàlà sí i nídìí. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà, kò sí èyí tó kàn án.

"Ṣé ó bọ́ síbẹ̀?"

Dókítà gbójú sókè, ó ń wò mí.

"Ó bọ́ síbẹ̀ gan-an, Àǹtí mi."