Ọjọ́ Ẹ̀tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ìyá Ẹ̀tọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Ìtàn ló ń kọ́ wọn. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń ṣàwàdà pé ìyàwó òun ń gbèjà gbogbo ará ayé, àfi òun tí wọ́n ń gba rímọ́ọ̀tù lọ́wọ́ òun nínú ilé òun.

Lọ́dọọdún, òun ló máa ń ṣètò Ọjọ́ Ẹ̀tọ́. Wọ́n á pa ìwé ìṣirò dé, àwọn ọmọ á sì fi odindi ọjọ́ kan kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, nípa àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àti bí wọ́n ṣe wọlé. Gbọ̀ngàn òkè ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dún yìí, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ti gbà láti wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, torí pé kò sí ohun tí kò lè jiyàn lé lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti kékeré, orí kẹ̀kẹ́ ìjókòó ló máa ń wà. Bí ètò bá ti wà lókè, láíbìrì tó wà nísàlẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀tọ́ máa ń fi í sí, pẹ̀lú bísíkítì àti ìwé tó dùn. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Nígbà tí Ọjọ́ Ẹ̀tọ́ ku ọ̀la, Lọ́yà tẹ́ páálí sórí itan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri: A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìyá Ẹ̀tọ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un, bí ó ti máa ń sọ, pé òun ti bá a tọ́jú àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láíbìrì.

Lọ́yà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi. "Mà, ta lẹ bi?"

"Bi kí ni?"

"Bóyá láíbìrì ni mo fẹ́ wà. Ẹ ò bi mí rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Orí mi lẹ̀ ń fá yìí, Mà."

Ìyá Ẹ̀tọ́ kọjú sí pátákó, ó nù ún. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Nígbà tó yíjú padà, ó bi í pé kí ló wá fẹ́.

"Kí n wà láàárín àwọn yòókù. Ẹ má sì ní kí wọ́n gbé mi gùnkè o. Èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì."

Ìyá Ẹ̀tọ́ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé yàrá ìjẹun nísàlẹ̀ ni òun fẹ́. Ọ̀gá ní wọ́n ti to àga sókè, ṣé inú òórùn àlùbọ́sà ni adájọ́ á wá jókòó sí? Ìyá Ẹ̀tọ́ dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ní kí adájọ́ jókòó sílé rẹ̀, torí òun ò ní ẹnu tí òun máa fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mọ ohùn yẹn. Ó gbà.

Ó wá ku ìyá alásè, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fárígá pé kò sẹ́ni tó máa sọ ibi iṣẹ́ òun di kóòtù. Ó béèrè ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ da òun láàmú. Wọ́n sọ fún un.

"Lọ́yà? Èyí tó máa ń bá mi ṣẹjọ́ pé ẹran mi kéré?" Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Ẹ máa kó àga bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Lọ́yà wà. Àlùbọ́sà ń ta sánsán. Ọ̀rọ̀ adájọ́ dára, ṣùgbọ́n ó gùn. Kò pẹ́ tí Lọ́yà fi yán, tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wo Ìyá Ẹ̀tọ́ bí ẹni tó ń béèrè pé, ṣé ohun tí a torí rẹ̀ ru àga nìyí?

Ìyá Ẹ̀tọ́ dìde láti lọ jí i. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé àwọn tó yí i ká náà ń tòògbé. Ó padà lọ jókòó. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, oorun akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn mọ́ ọn nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.