Àwọn Ojú Tó Wà Lórí Ògiri Onílé Wa

Nígbà tí mo ń gbé Festac, ní àárín àwọn ọdún 1980, tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ni aládùúgbò mi. Ilé rẹ̀ àti tèmi dojú kọra lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà. Ìwé ìtàn ẹ̀rù ilẹ̀ òkèèrè ló máa ń kà, èyí tó ń sọ nípa àwọn ohun tí kò lórúkọ tó ń gbé abẹ́ òkun. Ó fi gíláàsì ya ọ̀kan nínú wọn: ẹranko ńlá kan tí kò ní orí, tí ojú kún ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìgò ọtí ló fi ṣe ara rẹ̀, ìgò oògùn aláwọ̀ aró ló fi ṣe omi. Gíláàsì pupa tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń tún ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe ní Satellite Town ló fi ṣe àwọn ojú náà. Ó fi òjé jó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

“Mò ń gbé e lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà,” ó sọ fún mi. “Tí wọ́n bá gbà á, mo bọ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì nìyẹn.”

Ó gbé e sójú fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ kó lè wo bí oòrùn ṣe ń là á kọjá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oyún bàjẹ́ lára obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀.

“Tí mo bá ń sá aṣọ, àwọn ojú yẹn á máa wò mí,” obìnrin náà sọ lójú gbogbo wa. “Inú mi gan-an ni wọ́n ń wò.”

Onílé wa, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pè wá jọ sí àgbàlá, ó sì ní kí tíṣà gbé nǹkan náà sọ̀ kalẹ̀ wá.

“Tíṣà, ilé mi àbí nǹkan yẹn? Mú ọ̀kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Amúwo.”

“Kó lọ máa wò wá láti Amúwo? Fọ́ ọ níbí, ká rí i.”

Ìyàwó tíṣà, tó pọn ọmọ, dìde. Ó wọlé, ó mú òòlù wá, ó fi í lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́, Tíṣà,” ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, “kó má baà dá yín mọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òjé náà dì í mú gan-an, kò tètè tú. Ó ń lù ú, ó ń yí i padà, ó tún ń lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin ìsàlẹ̀ dúró títí dé òpin.

“Ojú kan ṣì kù níbẹ̀ yẹn,” ó ní.

Bí tíṣà ṣe fẹ́ gbá àfọ́kù náà dànù, onílé dá a dúró. “Fi í sílẹ̀. Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la.”

Olè ń dààmú àdúgbò wa nígbà náà, gbogbo onílé ló ń ri àfọ́kù ìgò mọ́ sìmẹ́ǹtì lórí ògiri. Mo bi onílé wa bóyá kò bẹ̀rù nǹkan náà mọ́.

“A ti fọ́ ọ,” ó ní. “Olè ló kù tó máa bẹ̀rù rẹ̀.”

Ẹ̀bá ògiri tí wọ́n ri àfọ́kù náà mọ́ ni obìnrin ìsàlẹ̀ wá ń sá aṣọ sí. Tí oòrùn bá ràn, àwọ̀ pupa àwọn ojú náà á máa bọ́ sára aṣọ funfun rẹ̀, á sì tún sá òmíràn tì í.

Láràárọ̀ tí tíṣà bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, onílé á ti jókòó síwájú ilé.

“Tíṣà, ojú rẹ ń ṣọ́ ilé wa dáadáa.”

Tíṣà á tẹrí ba. “Ẹ ṣé, sà.”