Aunty Òkè Tó Ń Kọrin Rọ́ọ̀kì

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí Norcross, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta níbí, tó kún bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí yìí, apartment alájà mẹ́ta kan là ń gbé, àwọn Yorùbá tó wà ládùúgbò náà ò sì ju ìdílé bíi mélòó kan lọ. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ẹrù, màmá mi ń tọ́jú aláìsàn ní hospital. Obìnrin ará Mẹ́síkò kan ló ń gbé lókè wa gan-an. Orúkọ rẹ̀ kì í yọ dáadáa lẹ́nu màmá mi, la bá kúkú ń pè é ní Aunty Òkè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Bí mo bá ti school dé, ọ̀dọ̀ Aunty Òkè ni mo máa ń wà títí màmá mi á fi parí shift. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ Spanish, nídìí ẹ̀wà tó máa ń sè. Ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn odi Mexico City ni wọ́n bí òun sí, níbi tí omi ẹ̀rọ ò tíì dé. Lórí ilẹ̀ òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kóra jọ kọ orin rọ́ọ̀kì, wọn á fa iná láti ilé ẹnikẹ́ni tó bá gbà fún wọn. Kì í ṣe orin ìfẹ́ bíi ti inú rédíò o. Orin ọkọ̀ tí kò tètè dé ni, orin ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni, orin ọmọ tó re ìdálẹ̀ tí kò padà wálé. Àwọn ọlọ́pàá a sì máa lé wọn kiri. Ọmọdébìnrin ni nígbà tó kọ́kọ́ gba máìkì níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó lọ fi ohùn rẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún nílé. Ó kọrin. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Nígbà tó dé Atlanta, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù ló ti ríṣẹ́, òun ló ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó. Ó kó onígìtá méjì àti onílù kan jọ níbẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dánra wò. Háà! Gbogbo àwo wa á máa gbọ̀n. Bàbá mi á mú igi ìgbálẹ̀, á máa fi lu àjà. Kò pẹ́ tí manager apartment wa fi kìlọ̀ fún Aunty Òkè pé bí òun bá tún gbọ́ ẹjọ́ ariwo, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣíde eré fún gbajúmọ̀ olórin kan tó ń bọ̀ láti Mẹ́síkò, ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Downtown. Ibo ni wọ́n á ti wá múra sílẹ̀?

Màmá mi bá a lórí àtẹ̀gùn tó ń sunkún. Nígbà tó di Sunday, ó fà á lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìkẹ́rùsí tí a fi ń ṣe ìsìn nígbà náà. Bí ìsìn ṣe parí, ó lọ bá Pásítọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, inú ibí yìí máa ń ṣófo ní Saturday. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá dánra wò níbẹ̀."

"Sister, orin rọ́ọ̀kì? Nínú ilé Ọlọ́run?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, sà."

Aunty Òkè dìde. Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Orin obìnrin kan ni, tó ń fi gbogbo ọjọ́ rán ibùsùn fún ẹlòmíràn, tó sì ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù láti ilé: ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa? Ó ní, mo sùn dáadáa, màmá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni kò tíì parọ́ yẹn fún ìyá rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀? Ìyá àgbà kan tú gèlè rẹ̀, ó fi ń nu ojú. Bàbá mi, onígi-ìgbálẹ̀, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Pásítọ̀, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Pásítọ̀ fún un.

Ọjọ́ eré pé. Àwọn ọ̀dọ́ wọ dúdú látòkè délẹ̀, ìró àti bùbá ni màmá mi wọ̀ dúró láàárín wọn. Orin mẹ́ta péré ni wọ́n fún Aunty Òkè, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó máa fi bọ́ sí ìkejì, wọ́n ti ń sáré wọlé. Lẹ́yìn ìkẹta, ẹnì kan ń juwọ́ sí i pé kó sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò kọ̀ jálẹ̀. Ni gbajúmọ̀ olórin yẹn bá jáde fúnra rẹ̀. Mo rò pé ó wá gba máìkì ni. Ó jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máa bá a lọ. Inú màmá mi ò gbà á mọ́, ó figbe ta: "Aunty Òkè! Aunty Òkè!" Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó yí wa ká ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń pariwo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn.

Látìgbà náà, kò wẹ̀yìn mọ́. Ó gbé àwo orin jáde, ó kọrin dé Texas, ó dé Chicago. Nígbà tó padà sí ìlú rẹ̀ lọ kọrin, àwọn ọlọ́pàá ló ń la ọ̀nà fún un.

Ayé ti yí padà. Suwanee tí mò ń gbé báyìí, ilé tóbi, ó sì jìnnà síra. Kálukú ti ki nǹkan bọ etí, mi ò mọ orin tí aládùúgbò mi fẹ́ràn. Èyí ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló burú. Aunty Òkè ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń kọrin. Nígbà tí mo lọ wò ó lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin ló ń ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin ló ń lu ìlù. Mo wo iwájú, mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀.