Èékánná Àlẹ̀mọ́ Rekiat Onítapólì

Ọjọ́ tí èékánná pupa so Rekiat mọ́ tírélà láti Liverpool Road dé géètì wáàfù, èbúté Apapa, ó ní òun ò pariwo rárá. Irọ́ ni. Wọ́n gbọ́ ọ ní Boundary.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún tapólì ṣe, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà. Ibi tó bá ya, á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an. Ibi tí abẹ́rẹ́ ò bá ràn, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ti fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ èékánná àlẹ̀mọ́ mẹ́wàá mọ́ ìka ara rẹ̀ nílé, kò sì dúró kó gbẹ. Nínú kẹ̀kẹ́, ó na ìka síwájú bí ẹni tó ń yáná. Ó dé ibi iṣẹ́ láyọ̀. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé tapólì tírélà Ugochukwu, ó fẹ́ wo ibi tó ya. Ọwọ́ lọ, ọwọ́ ò bọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀nà ṣí, tí Ugochukwu gbé mọ́tò.

"Ugo! Dúró! Ọwọ́ mi!"

"Mama, I no fit stop o! Dem go enter my front!"

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wáàfù mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Awakọ̀ tó bá pàdánù àyè rẹ̀ lórí ìlà, ó di ọ̀la. Tírélà ń rìn bí ìgbín, Rekiat ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Àwọn kan rò pé ó ń ṣọ́ ẹrù ni. Wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ní géètì, ẹ̀ṣọ́ gba ìwé ẹrù. Ó wo ìwé, ó wo Rekiat.

"Ìyá, ẹ ò sí nínú ìwé yìí o."

"Kọ mí mọ́ ọn. Ṣé o ò rí i pé wọ́n ti dè mí ni?"

Ugochukwu ló fi ọ̀bẹ gé tapólì yí ìka rẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wálé, tí àkísà tapólì ń mì lórí ìka márààrún. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó gé e ò mọ aṣọ gé.

Kí ló gbé obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún dé ìdí èékánná pupa? Ọmọ ni. Àdúràọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Sátidé. Ìyá ọkọ ń gbé ní Apapa, nínú ilé tó ní ẹ̀ṣọ́ méjì. Ọ̀kan ń ṣọ́ ilé, èkejì ń ṣọ́ ẹ̀ṣọ́. Ọwọ́ ìyá náà rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọwọ́ Rekiat ò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lórí tapólì ti jẹ èékánná rẹ̀ tán, èyí tó kù dúdú bí èédú.

Lọ́jọ́ Ajé, Àdúràọlá rọra sọ fún un.

"Màámi, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí ìborùn yín bo ọwọ́ díẹ̀."

Rekiat ò fèsì. Rekiat, tó máa ń fèsì fún rédíò! Àwọn ará ilé rò pé ibà ni.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Nwakaego ní Boundary, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irun àti èékánná. Nwakaego gbé ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀.

"Ese, come see o! Mama wan fix nail. Where the nail?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Rekiat fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ̀rín yín dùn gan-an," ó ní. "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka ara yín."

Níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló ti ra páálí èékánná àlẹ̀mọ́, kí Nwakaego lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wà lára páálí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, nílé ẹni, láìsí wàhálà. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ Rekiat.

Gọ́ọ̀mù tó wà nínú páálí ò ju ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀fọn lọ. Rekiat gbé e sókè, ó wò ó, ó jù ú nù. Ó ṣí agolo gọ́ọ̀mù tapólì. Ó ní ohun tó mú tapólì dání nínú òjò láti Èkó dé Kano máa mú èékánná dé Sátidé. Òótọ́ ló sọ. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tó ti wáàfù dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó fi síṣọ́ọ̀sì gé àkísà kúrò, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun Àlàásárì ní mọ́ṣáláṣí. Ààfáà Fàtáì rí ọwọ́ pupa, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Àdúràọlá, àlùwàlá yín ò pé. Omi ò kan èékánná yín."

"Ó kan gbogbo ibi tó kù."

"Kò tó."

"Tí mo bá yọ méjì ńkọ́?"

"Ìyá, ọjà kọ́ lèyí."

"Mẹ́rin. Àtàǹpàkò méjèèjì wà níbẹ̀ o."

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni."

"Ẹ dín in fún mi, Ààfáà. Ṣebí aláàánú l'Ọlọ́run?"

Ààfáà sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Ó pẹ́ kó tó wọlé padà.

Ṣùgbọ́n Rekiat ò rẹ́rìn-ín. Tó bá yọ èékánná, ọwọ́ rẹ̀ á hàn níwájú àwọn àna. Tí kò bá yọ ọ́, ìrun ò sí. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bu kẹrosíìnì sínú abọ́, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó di ọ̀sán Jímọ̀ kí èyí tó gbẹ̀yìn tó bọ́, ó sì mú awọ dání lọ.

Bó ṣe di Sátidé, ọwọ́ tó fẹ́ tún ṣe ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bó, ó pọ́n, ó ń rùn. Ìyá ọkọ dì mọ́ ọn, ó fa imú.

"Ìyá ìyàwó, lọ́fínńdà wo lẹ lò yìí?"

"Ti Dubai ni."

Ìyá ọkọ mi orí. Ó ní òun náà ti gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀ rí.

Rekiat lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sábẹ́ ìborùn bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Àdúràọlá gbóòórùn kẹrosíìnì. Ó ṣí ìborùn wò.

"Màámi! Kí lẹ fi ọwọ́ yín ṣe?"

"Mo fẹ́ kó dára lójú àwọn èèyàn rẹ ni."

Àdúràọlá gbé ọwọ́ náà jáde, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀ níwájú gbogbo àna, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi so yìgì tán.

Ọdún tó kọjá ni Rekiat kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi dùbúlẹ̀. Nwakaego ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà, ó ní oníbàárà òun ló lọ. Oníbàárà tí kò ṣe èékánná kan lọ́dọ̀ rẹ̀ rí.

Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ ló sọ ìyókù. Wọ́n ní Àdúràọlá ní kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún òun. Ó wẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti mọ́, ọmọ mi," ni Àlájà tó ṣáájú wọn wí.

"Mo mọ̀, mà."

Ó tún bu omi.